Láti èbúté Ìpakodò lọ sí Èkó, kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí èmi àti ìyá mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, kí afinimọ̀nà mú wa káàkiri. Níbo ni ó yẹ kí àgbàlagbà rí?

Èsì: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n sọ di ibi ìgbafẹ́ ní 2010, nítorí pé kò jìnnà sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan. Ẹ má jẹ́ kí afinimọ̀nà kó ibi púpọ̀ jọ fún màmá.

Èsì: Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, ni èmi fẹ́ràn jù; iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà dé hàn kedere lára ògiri iwájú rẹ̀.

Èsì: Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀wù amúniléfòó ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ màmá láyà, kí ẹ sì fà á wò bóyá ó le dáadáa, nítorí èyí tí a kàn gbé kọ́rùn lè bọ́ nínú omi. Ẹ tètè padà pẹ̀lú, torí ìjọba kò fàyè gba ìrìn ọkọ̀ ojú omi lálẹ́.