Ìmọ̀ràn lórí histogram oníwọ̀n tó ní error bar

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kọ pé:
Ẹ kú iṣẹ́ o. A bi àwọn àgbẹ̀ kajú ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè iye àpò tí oníkálukú kó lọ́dún yìí. Nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn la rí bá sọ̀rọ̀, a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n, ìyẹn iye àgbẹ̀ tó ń ṣojú fún. plt.hist inú matplotlib, irinṣẹ́ Python tó ń ya àwòrán, gba ìwọ̀n náà, ó sì ya histogram, ìyẹn àwòrán olópòó tó ń fi iye tó bọ́ sí abala kọ̀ọ̀kan hàn, ṣùgbọ́n kò fi error bar sí i, ìyẹn ìlà tó ń fi bí gíga òpó ṣe lè yẹ̀ hàn. Kí ni kí n lò?

Bọ̀dá Oníṣirò dáhùn pé:
NumPy, irinṣẹ́ ìṣirò Python tí ẹ ní lọ́wọ́, tó iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ pe np.histogram lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ààlà abala kan náà: lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi weights=w sí i (w ni àwọn ìwọ̀n yín), èyí yóò fún yín ní gíga òpó kọ̀ọ̀kan; lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi weights=w**2 sí i (ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀), kí ẹ sì wá square root ohun tó bá jáde, òun ni error. plt.stairs yóò ya òpó, plt.errorbar yóò sì fa ìlà sí àárín rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wá square root gíga òpó fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí àgbẹ̀ 4 péré bá bọ́ sí abala kan, tí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 250, òpó yóò ga dé 1,000. Ẹni tó bá ṣìnà yóò kọ nǹkan bíi 32 sílẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló bá sọ̀rọ̀; ìṣirò tó tọ́ yóò gbé 500 jáde, ìdajì òpó náà gan-an.

Aládùúgbò Tàkíè dáhùn pé:
Bó bá jẹ́ àwòrán púpọ̀ lẹ fẹ́ yà, mo fara mọ́ boost-histogram, irinṣẹ́ Python mìíràn, jù, nítorí pé storage (ibi ìpamọ́) rẹ̀ tó ń jẹ́ Weight máa ń pa àròpọ̀ méjèèjì, ti w àti ti w**2, mọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ density, ìyẹn kí àpapọ̀ ààyè àwọn òpó jẹ́ 1, kó fi iye kan náà tó fi pín òpó pín error pẹ̀lú; kó má ṣe fi density=True sí ìpè kejì.

Ìyá Oníwádìí dáhùn pé:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ìṣirò yẹn gbà pé kò sí ohun tó so àgbẹ̀ kan pọ̀ mọ́ èkejì. Àwọn ará abúlé kan náà ń pín òjò kan náà, wọ́n sì ń tajà fún oníbàárà kan náà. Bí ẹ bá yan abúlé kí ẹ tó yan ènìyàn, ẹ máa ṣa àwọn abúlé náà lákọ̀tun, kí ẹ dá èyí tí ẹ bá mú padà kí ẹ tó mú òmíràn, kí ẹ ṣe é nígbà púpọ̀, kí ẹ sì wo bí òpó kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ sókè sódò.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kọ pé:
Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Abúlé la kọ́kọ́ yàn lóòótọ́. Mo ti ṣe ti w**2 ná: òpó àwọn tó kó ju àpò 20 lọ, tí mo fẹ́ fi ṣe kókó ìròyìn wa, ènìyàn 3 péré ló wà nínú rẹ̀. Mo ti yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Ti àwọn abúlé ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí.