Àwọn àlejò inú Smash Ultimate: ẹ mú ìrírí yín wá, bí a ṣe ń bá wọn jà

Super Smash Bros. Ultimate, géèmù ìjà tó jáde lórí Nintendo Switch ní December 7, 2018 kì í ṣe ti Mario nìkan. Snake ti Konami wà níbẹ̀, Pac-Man ti Bandai Namco wà níbẹ̀, Mega Man ti Capcom náà wà níbẹ̀, títí kan Banjo tó jẹ́ ti Microsoft. Àlejò kọ̀ọ̀kan ló gbé òfin ilé rẹ̀ dání wọnú ìjà yìí, ẹni tí kò bá sì mọ òfin náà, ìyà ni yóò máa jẹ. Kí kálukú mú ẹnì kan tó mọ̀ dáadáa, kó ṣàlàyé rẹ̀. Ìjà ẹni méjì là ń sọ: ẹ̀mí 3, ìṣẹ́jú 7, kí ẹ sì lọ sínú ètò géèmù láti dá àwọn nǹkan tó ń já bọ́ láti òkè dúró.

*

Pac-Man ni tèmi. Tó bá tẹ B, èso á máa yí padà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí: ṣẹ́rì, sitirobẹ́rì, ọsàn, ápù, mẹ́lọ́ọ̀nù, ọkọ̀ Galaxian, agogo, kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra nínú géèmù rẹ̀ ti 1980 nìyẹn. Ó lè dúró lórí èyí tó bá wù ú, kó fi pamọ́, kó wá jù ú nígbà tí ẹ kò retí. Nítorí náà, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ọsàn máa ń lọ tààrà. Ápù á já sílẹ̀, á sì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Agogo ló burú jù nínú wọn: ó lọ sókè díẹ̀, ó já wálẹ̀ gbọnrangandan, iná rẹ̀ á sì mú yín dúró gbagidi kí Pac-Man fi rí àyè gbá yín jáde. Kọ́kọ́rọ́ yára, ó sì lágbára.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fara pamọ́ sẹ́yìn asà títí. Asà á máa tín-ín-rín sí i ni, òun á sì wá gbá wọn mú. Ẹ hán èso náà! Ẹ fò lọ pàdé rẹ̀, kí ẹ tẹ A bó ṣe ń kàn yín. Bó bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má kánjú jù ú padà, torí pé níwọ̀n ìgbà tí èso yẹn ṣì wà lórí pápá, Pac-Man kò lè mú òmíràn jáde. Ohun tí ẹ ó fara dà ni pé A kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ mọ́, jíjù ló máa jẹ́. B yín ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ti ẹ̀rọ omi panápaná tó máa ń gbé kalẹ̀: tí ìyà pasẹ́ǹtì 13 (pasẹ́ǹtì ni géèmù fi ń ka ìyà) bá ti jẹ ẹ́, á fò lọ síbi tí ìgbájú tó kẹ́yìn darí rẹ̀ sí. Ẹni tó bá gbá a kẹ́yìn ló ni ín. Bí ẹ bá ti fi ẹ̀ṣẹ́ kéékèèké gbá a díẹ̀, tí ẹ wá fi í sílẹ̀, Pac-Man lẹ ti bá ṣiṣẹ́ yẹn.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ti agogo yẹn bọ́ sí i gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Snake kún un. Bọ́ǹbù ọwọ́ rẹ̀ máa ń bú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 2.5, ìgbà tó bá yọ ọ́ lápò sì ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá jù ú. Tó bá rọra jù ú sẹ́sẹ̀, iye tó kù náà ló kù. Ẹ kà á sínú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí Snake di bọ́ǹbù mú, kí ẹ sáré gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Bọ́ǹbù á bú mọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ohun tó sì ń wá gan-an nìyẹn, torí pé ara rẹ̀ wúwo, ó lè fara da pàṣípààrọ̀ yẹn jù yín lọ. Ẹ dì í mú dípò kí ẹ gbá a, kí ẹ sì sọ ọ́ nù kíákíá. Bí kíkà bá ti sún mọ́ 2, ẹ má dì í mú rárá. Ẹ sún sẹ́yìn.

*

Banjo kò gba àlàyé púpọ̀. Ìyẹ́ wúrà 5 ló ní fún ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń fi í ya bọ̀, ẹ̀ṣẹ́ kò ràn án, ọfà kò ràn án, ṣùgbọ́n dídì mú ràn án. Ẹ ka ìyẹ́ náà bó ṣe ń ná an. Tí 5 bá ti pé, ẹ gbá a jáde sí ẹ̀gbẹ́ pápá níbi tó jìnnà. Á ṣòro fún un láti padà wọlé.

*

Mega Man: ẹ̀ṣẹ́ A rẹ̀ nílẹ̀, A síwájú, àti A lófuurufú, ìbọn kan náà ni gbogbo wọn, ọta 3 ló sì ń yìn léra wọn. Ẹ fi asà gba 3 yẹn, kí ẹ sún mọ́ ọn lẹ́yìn ìkẹta. Metal Blade rẹ̀, irin róbótó eléyín tó máa ń jù, ṣeé hán bíi ti èso Pac-Man. Tí ewé tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ (Leaf Shield) bá ń yí i ká, kò lè gbáni lẹ́ṣẹ̀ẹ́, àmọ́ ó lè dì yín mú, nítorí náà asà kọ́ ni oògùn ibẹ̀. Ẹ fò.

*

Kí ẹ tó lọ bá ènìyàn jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ Training, ibi ìdánrawò inú géèmù náà, kí ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe Pac-Man, kí ẹ sì máa hán èso títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn. Fún ìfò kékeré, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìfò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn dájú ju kí ẹ máa yára gbọ́wọ́ kúrò lọ. Wáyà LAN sì dára ju Wi-Fi lọ, torí pé ẹ̀rọ ẹni kan ló ń bá ti ẹnì kejì sọ̀rọ̀ tààrà, tí tiyín bá sì ń kọ́sẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jìyà rẹ̀. Dock Switch OLED, ìyẹn ibi tí a ń ki Switch bọ̀ láti fi wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ní ojú ihò LAN lára. Fún ti àtijọ́, ẹ ra adapter LAN tó ń wọ USB rẹ̀.