Owó ilé-iṣẹ́ ti fẹ́ dé: báwo la ṣe máa so àwọn olùwádìí ṣúgà orílẹ̀-èdè wa pọ̀?

Ẹni tó béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa olùwádìí láti yunifásítì mélòó kan fẹ́ dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò so àwọn tó ń ṣèwádìí kábọ̀háídíréètì pọ̀ mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn. Kì í ṣe ṣúgà jíjẹ là ń sọ. Àwọn ẹ̀wọ̀n ṣúgà tó bo ara sẹ́ẹ̀lì ni, èyí tó jẹ́ pé ẹyọ ṣúgà kan ṣoṣo ní ìparí rẹ̀ ló ya ẹ̀jẹ̀ A sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ B. Ilé-iṣẹ́ kan ti ṣèlérí owó, àmọ́ wọ́n ní àwọn nìkan ni yóò ni gbogbo ohun tí a bá rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ńkọ́, tó yẹ kí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde? Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Onímọ̀ kẹ́mísírì:
Ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ jọ máa lò. Kò sí ibi tí DNA ti kọ ètò ẹ̀wọ̀n ṣúgà sílẹ̀ tààrà bó ṣe kọ ti prótéènì, nítorí náà NMR (ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì wo bí átọ́ọ̀mù ṣe tò) àti mass spectrometer (ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo mólékù) la fi ń tú u wò. Láàbù kan kò lè dá gbogbo rẹ̀ ní. Ẹ sì wá owó oṣù ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń kú.

Dókítà kan:
Ẹ̀gbọ́n, mo ta kò yín díẹ̀. Àìsàn kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Ẹ wo àjẹsára Kúbà fún Hib, bakitéríà tó ń fa àìsàn líle fún àwọn ọmọdé: Vicente Vérez Bencomo àti René Roy ti Yunifásítì Ottawa ló jọ ṣe é, ṣúgà tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní láàbù ni wọ́n sì lò. Ọdún 2004 ni ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Iṣẹ́ kan pàtó ló kó wọn jọ.

Ẹni tó ń gbé ní Kánádà:
GlycoNet ti ibí, àjọ tó so àwọn olùwádìí ṣúgà pọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 pẹ̀lú owó ìjọba àpapọ̀, Yunifásítì Alberta ni ibùjókòó rẹ̀. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ lórí òfìfo. Raymond Lemieux, tó kọ́kọ́ fọwọ́ ṣe sucrose (ṣúgà tí à ń jẹ) ní 1953, ti kọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà pọ̀ sí, kí ẹ gbé ọ́fíìsì síbẹ̀.

Agbẹjọ́rò:
Ẹ má fi "gbogbo" sínú ìwé àdéhùn! Ohun tí kálukú ti ní kó tó dé, tirẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ lè ní ẹ̀tọ́ lórí oògùn kan tàbí àìsàn kan. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gba páténtì (ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun tí ẹnì kan ṣe) sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, torí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun tó ti di mímọ̀ kò ṣeé gba páténtì lé lórí mọ́. Ẹ kọ gbèdéke iye ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ lè fi dá ìtẹ̀jáde dúró sí i: ọjọ́ 60, ó pọ̀ jù 90.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ní ọdún kan làwọn fẹ́.

Agbẹjọ́rò:
Ọdún kan kẹ̀? Ẹ bi wọ́n ta ni yóò máa san owó páténtì, kí ẹ tó dá wọn lóhùn.