Ẹ gbà mí o: orin, ìwé, ìràwọ̀, èwo ni kí n pa tì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Wálé Akọrin
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ forí jì mí, ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi ni, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé. Èmi ni mò ń darí kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi náà ni mo máa ń ṣẹ̀dá orin tí wọ́n ń kọ. Láti oṣù Kẹrin ni àwọn alàgbà ti ní àwọn fẹ́ orin tuntun fún kárọ́ọ̀lù ọdún yìí, ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, orin ogún ìṣẹ́jú, ohùn mẹ́rin, kíbọ́ọ̀dù, dùndún, gbogbo ẹ̀. Mo gbà tayọ̀tayọ̀. Báà 46 ni mo bá a dé (báà ni ìdá kéékèèké tí wọ́n ń pín orin sí). Láti oṣù Kẹfà ni mo ti wà ní báà 46 yẹn, a sì ti wọ oṣù Kọkànlá báyìí.

Láptọ́ọ̀pù mi wà lára ohun tó fà á. 4 GB ni RAM ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, tí n bá ti kó fayolíìnì àti ohùn kwáyà jọ sínú sọ́fítíwíà, á kàn dúró gbagidi, màá wá jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná. Hẹdifóònù ló wá burú jù. Èyí tí mò ń lò báyìí ni ìkẹta láti oṣù Karùn-ún. Ti àkọ́kọ́, apá òsì ẹ̀ kú. Mo ra òmíràn ní Tákìé, apá òsì ìyẹn náà ò pẹ́ tó fi rọ̀, ó wá ń hó híììì bíi tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa ìkànnì ẹ̀. Àbúrò mi wá ra ojúlówó fún mi bọ̀ láti Ìbàdàn, owó gidi, òun náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ayédèrú ọjà ti pọ̀ jù nílùú yìí, Ọlọ́run ló máa bá wa dá sí i.

Àwọn kwáyà náà ò ràn mí lọ́wọ́. Àwọn áltò tó máa ń dúró lápá òsì mi, wọn kì í la ẹnu rárá. Mo sọ sọ sọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo jágbe mọ́ wọn, ọ̀kan bú sẹ́kún, ọkọ ẹ̀ wá pè mí lórí fóònù pé kí ló dé.

Ìwé tí mò ń kọ nìkan ló ń lọ geere. Ìtàn àyàn kan ni, ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Andromeda, gálásì ńlá (àpapọ̀ ìràwọ̀ tí kò lóǹkà) tó súnmọ́ tiwa. Mo ti kọ orí kẹrìnlá. Tí wọ́n bá sì ti múná lọ tí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, mo máa tẹ́ ẹní sẹ́yìnkùlé kí n máa wo ojú sánmà. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn yìí ẹ lè fi ojú lásán rí Andromeda yẹn, ó rí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí ibi tí èèyàn fi ìka tó lépo kan gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn ti kúrò níbẹ̀ láti bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún sẹ́yìn. Mo máa ń kà nípa bí ayé àtọ̀run ṣe bẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Penzias àti Wilson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbọ́ ariwo kan nínú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gba ìgbì rédíò, ariwo tí kò lọ tọ̀sán tòru, wọ́n rò pé ẹyẹlé tó yàgbẹ́ sínú ẹ̀ ló fà á, wọ́n fọ gbogbo ẹ̀ dànù, ariwo ò lọ. Ooru tó kù láti ìgbà tí ayé àtọ̀run bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. 1965 nìyẹn.

Ìyàwó mi ní òun ò rí ọkọ mọ́. Ó ní tóun bá sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi kì í dáhùn, pé ọ̀run ni ọkàn mi wà. Ẹ bá mi dá sí i, èwo ni kí n gbé jù sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́rọ
Bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ò sọ iye tí ṣọ́ọ̀ṣì ń san fún yín o, ẹ ò sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe lójúmọmọ, ẹ ò sọ ẹni tó ń ra gáàsì. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni hẹdifóònù mẹ́ta. Ta ló fún yín lówó ẹ̀? Ọkùnrin tó ní ìyàwó nílé kò gbọ́dọ̀ sùn síta torí ìràwọ̀. Bàbá àwọn ọmọ tèmi, ẹyẹlé ló ń sìn, ó mọ orúkọ gbogbo wọn, kò mọ kíláàsì táwọn ọmọ wà. Mo bá a jà títí ó fi tà wọ́n. Ẹ parí orin àwọn èèyàn!

Túndé Bíìtì
Ẹ̀gbọ́n ẹ má gbé nǹkan kan jù sílẹ̀ jàre. 4 GB kéré lóòótọ́ ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà. Ohùn tẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ sọ ọ́ di ọ́díò kẹ́ ẹ pa tiẹ̀ tó ń jẹ RAM, ẹ wá máa bá ìyókù lọ. Ẹ lè kọ nóòtì fúnra ẹ̀ nínú MuseScore, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ṣáà ti fi MusicXML (irú fáìlì tí sọ́fítíwíà orin oríṣiríṣi lè kà) gbé iṣẹ́ yín jáde kúrò nínú èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò. Kí ló wà ní báà 46 gan-an?

Àlàgbà Sọjí
Ìtàn yín jọ tèmi. Èmi náà kọrin ní kékeré, bàbá mi ní kí n wá ta sìmẹ́ńtì, mo ta sìmẹ́ńtì fún ọdún mọ́kànlélógún. Owó dé o, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ kwáyà ní Sunday, ọ̀fun á máa rin mí. Ẹ má pa orin tì. Ti ìràwọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá ayé ti wà nínú Bíbélì, kí lẹ tún ń wá kiri?

Tíṣà Físíìsì
Àlàgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wíwò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bọ̀dá Wálé, ẹ ti gbọ́ ti William Herschel rí? Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1738, ó ń tẹ ògán ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bath ní Ìlú Ọba, ó ń ṣẹ̀dá orin, ó ń kọ́ àwọn èèyàn lórin, tílẹ̀ bá ṣú á gbé awò tó fi ń wo ìràwọ̀ jáde. Òun ló rí plánẹ́ẹ̀tì Uranus ní 1781. Àbúrò ẹ̀ obìnrin, Caroline, akọrin lòun náà, òun náà rí kọ́mẹ́ẹ̀tì (ìràwọ̀ onírù) tiẹ̀. Nítorí náà ẹ ò tíì ya wèrè. Ṣùgbọ́n mo ní àtúnṣe kan: àyàn tẹ́ ẹ gbé lọ sínú òfuurufú yẹn, kò lè lu ìlù kí wọ́n gbọ́ níta ọkọ̀ o. Ohùn kì í rìn níbi tí kò sí afẹ́fẹ́.

Àlàgbà Sọjí
Èmi ò ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ní àǹfààní wo ló ṣe?

Tíṣà Físíìsì
Àǹfààní orin wo, Àlàgbà? Ṣé a máa ń jẹ orin ni?

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́rọ
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó ní ìṣòro ò tíì dá wa lóhùn, ẹ ti ń jà.

Wálé Akọrin
Ẹ ṣé gan-an. Àlàgbà, mi ò bá Ọlọ́run jà o, bí mo bá ṣe ń wò ó tó ni mo máa ń bẹ̀rù Ẹ̀ tó. Túndé, báà 46 ni ìyáàlù ti máa wọlé. Ó máa sọ pé "Ẹ bá wa yọ̀", kwáyà á dáhùn. Tí ohùn ẹ̀ ò bá wálẹ̀ dáadáa níparí, "yọ́" ló máa sọ, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni yọ́ ní kárọ́ọ̀lù. Mo pe onídùndún, mo gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, mo gbé ìyáàlù sápá òsì, mo gbé gúdúgúdú sápá ọ̀tún, mo tún un tì. Gúdúgúdú ń dún dáadáa, ìyáàlù ń bọ̀ bí ẹni tó wà nínú kànga.

Tíṣà, mo mọ̀ pé ohùn kì í rìn níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé yẹn gan-an nìyẹn. Ibẹ̀ dákẹ́. Tí mo bá ń kọ ọ́, mi ò nílò láti gbọ́ nǹkan kan.

Túndé Bíìtì
Tó bá jẹ́ MIDI (àṣẹ nóòtì fún kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀) lẹ fi ṣe é ni, mi ò bá ní ẹ lọ wo pitch bend, ohun tó ń tẹ ohùn sókè sódò, torí gbogbo nóòtì orí chánẹ́ẹ̀lì kan ló máa ń tẹ̀ pọ̀, ó yẹ kí ìyáàlù ní chánẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní ọ́díò ni. Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tó fi ń bọ̀ láti inú kànga?

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́rọ
Bọ̀dá Wálé. Ẹ dúró ná. Mo padà lọ ka ọ̀rọ̀ yín látòkè. Hẹdifóònù mẹ́ta, apá òsì ni gbogbo wọn ń kú. Áltò ń dúró lápá òsì yín, wọn kì í la ẹnu. Ìyáàlù wà lápá òsì, inú kànga ló wà. Apá wo ni ìyàwó yín ń sùn?

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń lọ ata ní Tákìé. Ìdí ẹ̀rọ ni mo máa ń dúró sí, etí ọ̀tún mi ló kọjú sí i. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà ni mo rò pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa mi. Mo bá èèyàn méjì jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ìtàn òyìnbó tó ń fọ ìgbẹ́ ẹyẹlé, ẹ wò ó bóyá ìgbẹ́ ẹyẹlé lẹ̀yin náà ń fọ̀ láti oṣù Karùn-ún. Ẹ fi hẹdifóònù sórí sódì. Kí apá òsì wà létí ọ̀tún. Ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ fún wa.

Túndé Bíìtì
Ah. Ìyá Ìbejì.

Tíṣà Físíìsì
Bọ̀dá Wálé, ṣé ẹ wà níbẹ̀?

Wálé Akọrin
Mo wà níbí. Mo ti ṣe é.

Mo fi í sódì, mo tẹ báà 46. Ìyáàlù dún sí mi létí ọ̀tún ketekete, "Ẹ bá wa yọ̀", mo ń gbọ́ bí ọwọ́ onílù ṣe ń fún ọṣán. Mo lọ gbé àkọ́kọ́ tí mo ti jù sínú àpótí, mo fi ìyẹn náà sódì. Ó ń dún. Èyí tí mo rà ní Tákìé náà ń dún. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Mo sì ti ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ tó tà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ní oṣù Karùn-ún, mo fi hẹdifóònù sùn lọ lóru, ohùn wà lókè pátápátá torí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Nígbà tí mo jí, etí òsì di bí ìgbà tí omi wọ̀ ọ́, ó ń hó. Mo ní á lọ. Kò lọ. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ta ló fẹ́ gba adití ní olórí kwáyà? Oṣù kejì ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn.

Apá òsì ni ìyàwó mi ń sùn.

Màmá Dọlápọ̀
Ẹ fún alùbọ́sà síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi àdí àgbọn díẹ̀ sí i, ọjọ́ méje. Ó ṣiṣẹ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Nọ́ọ̀sì Àánú
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kó fi nǹkan kan sétí! Tí ìlù etí bá ti lu, àdí yẹn máa bà á jẹ́ sí i. Ẹ má sì fi igi òwú ha á. Bọ̀dá, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí etí lásán ló dí i, ó lè jẹ́ iṣan inú etí. Ojú lásán ò lè sọ ọ́, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló máa wò ó, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ dán etí méjèèjì wò. Etí tó bá dákẹ́ lójijì báyìí, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló dáa kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ó dùn mí pé oṣù mẹ́fà ti kọjá, mi ò ní purọ́ fún yín. Síbẹ̀ ẹ lọ, torí ọ̀tún tó kù. Ariwo tó bá ti tó 85 decibel (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo), wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ni òdiwọ̀n tí wọ́n fi sí i fún òṣìṣẹ́, bó bá ṣe ń lọ sókè ni àkókò yẹn ń kúrú. Hẹdifóònù tẹ́ ẹ gbé sókè pátápátá kọjá ìyẹn dáadáa. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ ná. Ẹ sì sọ fún ìyàwó yín.

Wálé Akọrin
Mo ti jí i. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní láti oṣù Karùn-ún lòun ti rò pé mo ti ní ẹlòmíràn níta ni. Ó ti dìde báyìí, ó ti lọ sùn sí apá ọ̀tún. A jọ ń lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ ọ̀la.

Èmi ni mo máa lọ bẹ àwọn áltò yẹn fúnra mi, pàápàá èyí tó sunkún.

Túndé Bíìtì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí. Màá gbé ìyáàlù wá sí àárín, kẹ́ ẹ lè máa fi ọ̀tún gbọ́ ọ láti spíkà, ohùn kékeré. Màá wá bá yín ní ìdánrawò Saturday, ẹ̀yin ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, èmi á máa bá yín gbọ́ apá òsì.

Wálé Akọrin
Mo ti fi ránṣẹ́. Ọlọ́run á sàn án fún ẹ.

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin ńkọ́ mà? Nígbà tẹ́ ẹ lọ fi tiyín han dókítà, kí ni wọ́n sọ?

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́rọ
Mi ò lọ rí. Ta ló máa dúró ti ẹ̀rọ?

Wálé Akọrin
Aago méje, mà. Èmi àti ìyàwó mi, ìyá Fèyí, á dúró dè yín níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́rọ
Ẹ dúró lápá òsì o, kí n lè gbọ́ tẹ́ ẹ bá pè mí.