Ọnà lílé ṣáájú fínfín: èsì lórí orúkọ àwọn ìpele àwòrán yíyà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ẹ̀pẹ́. Àbúrò wa kan ló béèrè pé, bí ẹni tí kò ya àwòrán rí bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ ọ, kí ni kí ó kọ́kọ́ kọ́, kí ni yóò tẹ̀ lé e, kí ni a ó sì máa pe ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń kọ̀wé láti Ìkòròdú fi orúkọ mẹ́rin dá a lóhùn, wọ́n sì tò wọ́n báyìí: ìlà, òjìji, ojú ìwòye (èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní perspective, bí a ṣe ń fi jíjìn nǹkan hàn lórí ìwé), ìwọ̀n (bí apá kan ṣe tóbi sí èkejì). Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo ní awuyewuye lórí ètò náà àti lórí mẹ́ta nínú orúkọ náà.

Kí a tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a bi àwọn tí wọ́n ti ń ṣe ọnà kí ìwé tó dé. Àlùfáà Kevin Carroll, tí ó bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Èkìtì, kọ orúkọ ìpele iṣẹ́ wọn sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967. Mẹ́rin ni. Ọnà lílé ni gígé igi títí tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ ère yóò fi hàn ní gbàǹgbà-gbàǹgbà. Àlétúnlé ni pípín àwọn wọ̀nyẹn sí kéékèèké. Dídán ni fífá ara igi kí ó jọ̀lọ̀. Fínfín ló gbẹ̀yìn, níbi tí ọ̀bẹ ti ń fa ilà, irun dídì àti ọ̀ṣọ́ aṣọ. Kò sí agbẹ́gilére tí ń fín ilà sójú ère tí kò tíì ní orí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbé epìyà kan tí a rà ní ọjà Olúwo síwájú, ó fẹ́ yà á. Ojú ẹja ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí ìpẹ́, ó ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Kò tíì dé ìdajì ara ẹja tí ìwé fi tán, ìrù kò sì ríbi gbé. Mo ṣí ojú ìwé mìíràn fún un, mo ní kí ó fi pẹ́ńsù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàmì sí ibi tí ẹnu yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ìrù yóò parí sí, kí ó ya ara ẹja bí ẹyin tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ, kí ó fi igun mẹ́ta ṣe ìrù, kí ó má sì fọwọ́ kan ìpẹ́. Ẹja náà wọnú ìwé. Gbogbo àlàyé tí mo ṣe kò ju "Lé e ná, wàá fín in tó bá yá" lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn gbé ètò ẹ̀kọ́ sínú, èyí tí "ìlà" kò lè ṣe, nítorí ìlà náà kúkú ni ìpẹ́ tí ó ń yà tẹ́lẹ̀.

Ní ti òjìji, ohun tí ń tẹ̀ lé ènìyàn nílẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ẹja tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò dé kì í ṣe òjìji. Ara ẹja ni, ó kàn wà ní ibòòji ni. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́: abẹ́ ibòòji igi ni a ń jókòó sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fún ní orúkọ kan ṣoṣo yóò fi dúdú kan náà kun ikùn ẹja àti orí tábìlì, ẹja yóò sì lẹ̀ mọ́ tábìlì. (Ẹ bá mi ṣọ́ àmì ohùn o, kí ibòòji má di ibojì, a kò sìnkú ẹja.) Iṣẹ́ kíkun ibòòji àti òjìji fúnra rẹ̀ ni èmi yóò pè ní dídán, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ lè ní fífi dúdú kun nǹkan kò jọ dídán. Lára igi tí ó dán, ìmọ́lẹ̀ a máa rọra yí sí òkùnkùn láìsí ibi tí ó ti já, ohun tí pẹ́ńsù náà sì ń wá nìyẹn.

Ojú ìwòye ni n kò lè gbà rárá. Àwọn onílítíréṣọ̀ ti ń lò ó fún ibi tí asọ̀tàn dúró sí. Ẹ̀kọ́ tí à ń wí yìí ni Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, tẹnu mọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ Èkó débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Mr. Perspective. Níbí ni àwọn agbẹ́gilére kò ti lè yá wa ní ọ̀rọ̀, nítorí igi ní jíjìn tirẹ̀, ìwé kò ní. Mo dábàá àjìnnàkéré: ohun tí ó bá jìnnà a kéré lójú. Ìlà tí omi ti pàdé ọ̀run ń kọ́? Ẹ dúró sí èbúté Ẹ̀pẹ́, ìlà náà yóò bá ojú yín dọ́gba. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, yóò bá yín sọ̀ kalẹ̀. Mo pè é ní ìbójúdọ́gba. Ẹ̀yìn àlétúnlé ni mo fi ẹ̀kọ́ yìí sí, ṣáájú dídán, nítorí ẹni tí kò tíì mọ ibi tí ọkọ̀ gbé dúró kò lè mọ ibi tí òjìji rẹ̀ yóò bọ́ sí.

Mo gba ìwọ̀n, àmọ́ inú ọnà lílé ni ipò rẹ̀, kì í ṣe ìparí. Kí a má sì pè é ní "ìwọ̀n tó tọ́", nítorí orí ère wa sábà máa ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin gíga rẹ̀, nígbà tí ti ènìyàn kò ju bí ìdá kan nínú méje lọ, agbẹ́gilére kò sì ṣèèṣì.

Bí ẹ̀gbọ́n bá ní ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn lẹ́nu ju àjìnnàkéré lọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé e wá kí ó tó di Sátidé. Ọmọ náà ti ní ọkọ̀ ni òun fẹ́ yà báyìí.