Kí ló mú kí ẹ̀dọ̀ adìẹ tí mo fi wáìnì sè korò?

Ìyàwó Tuntun:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ìdí ààrò. Ní ọjọ́ Àìkú, mo fi èso àjàrà àti Marsala, wáìnì tí wọ́n ń ṣe ní erékùṣù Sicily, se ìdajì kìló ẹ̀dọ̀ adìẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti da wáìnì lé e lórí, mo dé e, mo sì jẹ́ kó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo máa ṣí i, ẹ̀dọ̀ ti le bíi rọ́bà, ọbẹ̀ ṣàn, ó sì korò débi pé ọkọ mi kò lè tún un bù. Ṣé wáìnì ló fà á ni, àbí èso náà?

Ìyá Ìbejì:
Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́. Wáìnì kò mọwọ́ kò mọsẹ̀. Òróòro ni kí o fura sí. Bí àpò òróòro bá bẹ́ nígbà tí wọ́n ń pa adìẹ, gbogbo ibi tí omi rẹ̀ bá kàn ni yóò korò, kò sì sí ṣúgà tó lè bò ó. Máa yẹ ẹ̀dọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí o sì fi ọ̀bẹ mímú gé ibikíbi tó bá ní àwọ̀ ewé dànù, pẹ̀lú díẹ̀ lára ẹran tó yí i ká. Èmi a tún máa rẹ ẹ́ sínú mílíìkì fún wákàtí kan, kí òórùn rẹ̀ lè rọlẹ̀.

Alásè Lọ́ńdọ̀nù:
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Ní ti líle rẹ̀, iná ti pẹ́ jù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ nu ẹ̀dọ̀ gbẹ dáadáa, nítorí pé bí ó bá tutù, inú omi ara rẹ̀ ni yóò máa hó dípò kó dín. Ẹ jẹ́ kí bọ́tà gbóná títí ìfófó rẹ̀ yóò fi lọlẹ̀, kí ẹ wá to ẹ̀dọ̀ sí i láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra, ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó o sínú abọ́. Nínú páànù yẹn kan náà ni kí ẹ ti dín àlùbọ́sà, kí ẹ da ìdajì ife wáìnì sí i, kí ẹ sì máa fi ṣíbí igi ha ìdí páànù títí wáìnì yóò fi fà ku ìdajì. Ìgbà yẹn ni èso àjàrà tí ẹ ti là sí méjì tó wọlé. Bí ó bá ti gbóná, ẹ da ẹ̀dọ̀ padà. Àwọn ará Berlin a máa fi ápù àti àlùbọ́sà jẹ ẹ̀dọ̀, lójú tèmi, ápù tó kan díẹ̀ sì dára ju èso àjàrà lọ.

Olùtọ́jú Aláìsàn:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àárín rẹ̀ ṣì pọ́n, bí àwọn kan ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Kòkòrò àrùn Campylobacter máa ń wà nínú ẹ̀dọ̀ adìẹ gan-an, nítorí náà àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọtí inú wáìnì kì í sì í tán lórí iná: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó ṣì máa ń ku nǹkan bí ìdá 40 nínú 100, nítorí náà ẹ má ṣe fún ọmọdé jẹ. Aláboyún kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀dọ̀ rárá, nítorí fítámì A tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Ìyàwó Tuntun:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Màmá, àti gbogbo yín. Mo ti yẹ èyí tó kù nínú fìríìjì wò: àbàwọ́n ewé wà lábẹ́ méjì nínú wọn, kò ju hóró àgbàdo lọ. Mo ti gé e dànù, wọ́n sì ti wà nínú mílíìkì báyìí.