Eékún tó ń dùn: ṣé ká jókòó ni, àbí ká máa rìn?

Ọmọ Ìwó: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa oríkèé, ẹ bá wa dá sí i. Àwọn ìyá wa tí eékún ń dùn, ṣé ìjókòó ló kù fún wọn ni?

Fisio Ìbàdàn (oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan): Rárá o! Ohun yíyọ̀ tó bo orí egungun ló ń jẹ tán. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀, omi oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìrìn ló sì ń ti omi náà wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó pa, iṣan itan á joro, gbogbo ẹrù á bọ́ sórí eékún. Kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n ká ẹsẹ̀ kan, kí wọ́n na èkejì gbọọrọ, kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀, kí wọ́n ka 5 kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá wú, ẹ dín in kù.

Bàbá Wálé: Òtútù ni gbogbo ẹ̀. Àgbo làkúrègbé!

Nọ́ọ̀sì Bọ́láńlé: Bàbá, ẹ má bínú, àgbo tó bá lé ìrora lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ló yẹ ká fura sí. Àwọn kan ń lọ dexamethasone, oògùn òyìnbó alágbára tó ń pa ìrora àti wíwú, mọ́ ọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ṣúgà á gòkè, ẹ̀jẹ̀ á ru. Ẹ kọ́kọ́ fi ìpara diclofenac ra á. Ibuprofen, oògùn ìrora tí à ń gbé mì, léwu fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín.

Bàbá Wálé: Èyí téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ sè ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Bọ́láńlé: Kò ní hu ohun tó ti jẹ tán padà, sà. Oògùn òyìnbó náà ò lè hù ú.

Sàráfà: Ìkúnlẹ̀ wá ńkọ́? Ṣé ìyàwó ò ní kí ìyá ọkọ ni?

Àǹtí Kẹ́mi: Kó tẹrí ba, ó tó.

Ìyá Ìjẹ̀bú: Ilé mìíràn á ní ó gbéraga. Ọkọ ni kó ti sọ fún ìyá rẹ̀ ṣáájú.

Alfa Kúnlé: Ìrun náà rọrùn lórí àga. Kí ìtẹríba ti ìforíkanlẹ̀ ṣáà wálẹ̀ ju ti rúkúù, ìyẹn títẹ̀ ba ṣáájú ìforíkanlẹ̀, lọ.

Fisio Ìbàdàn: Ẹ tún gbé ọpọ́n ìfọṣọ sórí tábìlì, ẹ fi àpótí sílẹ̀. Ẹni tó bá sì sanra, kílò 1 tó bá jò, bíi kílò 4 ló kúrò lórí eékún níṣìísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ òdìkejì ni kí wọ́n fi di ọ̀pá mú.

Tòkunbọ̀: Òdìkejì kẹ̀? Gbogbo èèyàn ló ń fi í sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn!

Fisio Ìbàdàn: Àṣìlò ni. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn jọ ń lọ síwájú ni. Kí orí ọ̀pá dé ọrùn ọwọ́.

Nọ́ọ̀sì Bọ́láńlé: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ SS (tó ní àìsàn fọ́níkú-fọ́ladìde) tí ìbàdí ń dùn, ẹ má pè é ní làkúrègbé. Orí egungun itan lè ti máa kú nítorí ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀. X-ray lè má tètè fi hàn, MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń rí i.